Bí Irinṣẹ́ Bá Jábọ́, Jẹ́ Ká Gbọ́

Jóṣúà Àkànjí Ògúndìran. Àkànjí, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ń na irin, tí irin ń rọ̀ bí ìda lójú oòrùn. Ọmọ ewìrì tí ń mí kí ilé tó jí. Ọmọ òkúta ìpọ́nbẹ tí kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ kú. Àkànjí tó tẹ́ ilẹ̀ fún ọlọ́lá, tó tẹ́ ilẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, tí ilẹ̀ méjèèjì gún régé. Ọkọ Mọ́rẹ́nikẹ́, baba Dọ̀káàsì, ọ̀gá mi. Ó dìgbà.

Èmi tí mò ń kọ èyí, Lásísì lorúkọ mi. Ní Ẹdẹ, bí ẹ bá ní ẹ ń wá Lásísì Alátáìlì, ọlọ́kadà ò ní béèrè àdúgbò lọ́wọ́ yín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ta sókè, ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá a wọlé fún mi.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ àwa alátáìlì ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń rò ó lọ rò ó bọ̀, pé ṣé kí àwọn kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni àbí kí àwọn má kọ́ ọ, lè rí nǹkan kà. Mo ti kọ díẹ̀ kí Bàbá, ọ̀gá mi, tó kú. Mo ti ya èyí tí mo kọ dànù. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara mi tí mi ò ní kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó kọ́ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n kú, Dọ̀káàsì, àkọ́bí wọn, wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

“Wọ́n ní, ‘Ẹ sọ fún Lásísì kó bá mi tẹ́ ilẹ̀ ibi tí mo máa sùn sí. Irinṣẹ́ mi ni kó lò. Mi ò fẹ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.’”

Fún ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn Onígbàgbọ́ ìlú wa, bí àgbà bá kú, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ sínú ọgbà ilé, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yíká, wọ́n á lẹ táìlì sínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe yàrá, kí wọ́n tó gbé pósí wọlé. Iṣẹ́ wa ni. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tí Dọ̀káàsì ò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tó ń fọwọ́ bò, ni pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Òun ló jẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá gbé ife tíì, ìdajì á ti dà sí mi láyà kó tó dé ẹnu. Sàlámọ̀tù, ìyàwó mi, ló ń bá mi de bọ́tìnnì. Ọwọ́ yìí ni wọ́n wá ní kó tẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀gá mi máa sùn lé títí ayé. Bí mo bá ní rárá, mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tó sọ mí di ènìyàn. Bí mo bá gbà tí mo sì bà á jẹ́, kò sí ẹni tó máa hú u tún ṣe láéláé. Mo ní màá ṣe é. Dọ̀káàsì wo ọwọ́ mi lórí itan mi, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Bàbá kò gba àlàyé. Bàbá tó bí mi, Búràímọ̀, tó ń roko lọ́nà Awo, mú mi lọ bá wọn, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan, mo bá di ọmọ iṣẹ́. Mùsùlùmí ni wá, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi ẹnì kan ní nǹkan kan. Nígbà náà, tẹràsó ni ilẹ̀ ilé olówó, sìmẹ́ǹtì lásán ni tàwa tó kù. Táìlì funfun pẹlẹbẹ kéékèèké là ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnnì, ó sì jẹ́ ohun ìyanu débi pé àwọn ará àdúgbò á wá fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun.

Mo rò pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìlì. Fífọ irinṣẹ́ ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí a bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, irinṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, oúnjẹ á ṣìkẹyìn. Ṣíbí pẹlẹbẹ tí a fi ń kó sìmẹ́ǹtì, ṣíbí eléyín tí a fi ń fa sìmẹ́ǹtì lójú kí táìlì lè rí nǹkan dì mú, gbogbo wọn ni a máa fi kànìnkànìn fọ títí omi á fi mọ́. Sìmẹ́ǹtì tó bá gbẹ sáàárín eyín ṣíbí, ìlà tó máa fà lọ́jọ́ kejì á jìn níbì kan, á fẹ́lẹ́ níbòmíràn, táìlì á wá máa dún kókó bí igbá òfìfo. Lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán, a ó nù ún gbẹ, a ó fi àdín díẹ̀ pa á lára. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ yìí, mò ń gbọ́ òórùn àdín náà.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú wa, Tìmótì ará ìlú Ara, ráhùn pé sìmẹ́ǹtì ti ń jẹ òun lọ́wọ́, pé kí Ọ̀gá jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọwọ́ kí òun tó fọ ṣíbí. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Awọ ọwọ́ rẹ á tún hù. Irin kì í hù.” Tìmótì fọ ṣíbí.

Wọ́n le. Mi ò ní torí pé wọ́n ti kú kí n sọ pé wọn ò le. Igi gígùn tí a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe rí, tí a ń pè ní rénjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í ti ògiri. Títẹ́ la máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí igi tó bá fẹ̀yìn ti ògiri pẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bíi ti ọ̀lẹ. Òòlù onírọ́bà kò gbọdọ̀ sùn sínú oòrùn. Kọ́tà tí a fi ń gé táìlì ní àgbá róbótó kékeré kan lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń fà á lórí táìlì. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kejì lójú ìlà kan náà ti ba táìlì jẹ́, ó sì ti ba àgbá jẹ́. Bàbá á ní, “Bí o kò bá dá ara rẹ lójú, má fà á. Bó o bá ti fà á, gbà pé o ti fà á.” Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kan ohun tó ju táìlì lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ ra ṣíbí tèmi ni mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí lọ́mọ. Ọ̀dọ̀ Ìyá Kúdírátù ni a lọ, obìnrin kan tó ń ta irin àti ìṣó lọ́jà wa. Bàbá mú ṣíbí kan, wọ́n gbé ibi tí irin ti pàdé igi lé ìka kan, wọ́n wò ó bóyá ó ń rẹ orí sílẹ̀. Wọ́n fi èékánná ta á, wọ́n tẹ́tí sí i. Wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, wọ́n wò ó bóyá ó máa nà padà. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n mú òmíràn. Wọ́n tún gbé ìyẹn náà sílẹ̀. Ìyá Kúdírátù ti ń ká aṣọ mọ́ra.

“Bàbá Dọ̀káàsì, ṣé irin lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?”

“Ìyàwó ṣì lè sọ fún mi bí nǹkan kan bá ń dùn ún,” ni Bàbá wí. “Èyí ò ní sọ. Àfi kí n yáa bi í léèrè kí a tó jọ délé.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ inú ilé lọ gbé èyí tó ń fi pa mọ́ jáde. Èyí tó ń fi pa mọ́ yẹn ni mo lò jù láyé mi. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ gbọ́: ẹ má ṣe ra àpò irinṣẹ́ tó kún fọ́fọ́ tó jẹ́ pé ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ra ẹyọ kan tó dára, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ fi ìyẹn ṣiṣẹ́ ra ìkejì.

Nínú gbogbo wa tí a jọ kọ́ṣẹ́, Tìmótì, Gàníyù, Kóládé, èmi àti Rábíù, Rábíù ló mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe jù. Ó lè sín Ọ̀gá jẹ, ó lè sín ìyàwó Ọ̀gá jẹ. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù Bàbá ju gbogbo wa lọ. Ẹ̀rù yẹn ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Mọ́sálásí kan ní àdúgbò wa gbé iṣẹ́ ibi àlùwàlá wọn fún Bàbá. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fọwọ́ sí i kí Onígbàgbọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n Lèmọ́mù àgbà ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni òun ń wá. Ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ni ibi àlùwàlá náà wà. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà díẹ̀, díẹ̀ báyìí, sọ́nà gọ́tà, kí omi má bàa dúró.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì la fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe dà. Irin gígùn kan ni, dígí kékeré wà láàárín rẹ̀, omi wà nínú dígí náà, afẹ́fẹ́ róbótó kan sì ń rìn nínú omi. Àwa ń pe afẹ́fẹ́ yẹn ní ojú. Bí ojú bá dúró láàárín ìlà méjì, ilẹ̀ gún. Bí ó bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ibẹ̀ ló ga.

A ṣe iṣẹ́ náà tán, ó dán, ó ń tàn. Jímọ̀ àkọ́kọ́ pé. Àwọn ènìyàn ṣe àlùwàlá, omi sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Kò lọ sí gọ́tà. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló gbà wọlé, ó rìn lábẹ́ ẹní, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ìgbà tí gbogbo jàmáà forí kanlẹ̀ ni iwájú orí wọn tutù. Èmi náà wà níbẹ̀, ní sàfú kẹta, iwájú orí tèmi náà tutù. Bí a ṣe kírun tán ni ariwo sọ. Àwọn kan ń fún aṣọ wọn. Bàbá àgbàlagbà kan ní, “Ẹ ò rí i? Onítẹ̀bọmi yìí ti rì wá bọmi nínú mọ́sálásí wa.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín ló pọ̀ jù, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú bíi tiwa. Agboolé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún wa. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Bàbá ti tán nìyẹn, àwa náà sì ti tán.

Bàbá wá. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Lèmọ́mù. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni, àwọn ò ní sọ pé ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é, pé àwọn máa hú u, àwọn á sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé ilẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀. Wọ́n yí i, wọ́n gbé orí sí ibi tí ìdí wà, ní ojú ibẹ̀ kan náà. Ojú sá lọ sí ìhà kejì. Wọ́n tún yí i. Ó tún sá. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó bá ń sọ òótọ́, bí ẹ yí i padà, ohun kan náà ló máa sọ. Èyí ti di òpùrọ́.

Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Rábíù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti jábọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sódò Ọ̀ṣun, pé òun gbé e, òun nù ún, òun rí i pé kò fọ́, òun sì dákẹ́ nítorí ẹ̀rù Ọ̀gá.

Gbogbo wa ń dúró de ìyà tó máa jẹ Rábíù. Bàbá jókòó lórí àpò yanrìn.

“Ẹ̀bi mi ni,” ni wọ́n wí. “Mo kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa fọ irin. Mo wá le débi pé irin jábọ́, ẹ ò lè sọ fún mi.”

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òfin kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí irinṣẹ́ bá jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kéékèèké ni o, ńláńlá ni o, kó ké sókè pé, “Ó jábọ́ o!” Ọ̀gá á dáhùn pé, “Mo gbọ́. Yí i wò.” Kò sí èébú, kò sí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, kó gbé àpò rẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀gá nìkan ló sì lè dáhùn. Wọ́n ní bí ẹlòmíràn bá ń dáhùn, ọ̀rọ̀ náà á di eré.

A hú ilẹ̀ náà, a tún un ṣe. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ gbé bùtà wá, ó da omi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wò ó títí omi fi wọ gọ́tà. Ó ní, “Jóṣúà, o ti yọ wá nínú odò.” Ilé tirẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i pé ibi tó yẹ kí a ti dópin gan-an ni Ọlọ́run ti là á fún wa.

Òfin yẹn wọ̀ wá lára. A ń ké e ní Ẹdẹ, a ń ké e ní Awo, a ń ké e ní Òṣogbo. Onílé á sáré jáde pé ta ló jábọ́, a ó ní ṣíbí ni. Ó bá mi délé. Bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ Sàlámọ̀tù ní kíṣìnnì, ó ń ké pé “Ó jábọ́ o,” èmi náà á dáhùn láti yàrá. A ti bímọ, a ti tọ́ ọmọ, mi ò rántí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn fọ́ nǹkan tó sì fi pa mọ́. Àtọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti rí ìyẹn.

Ìgbà ń yí, irinṣẹ́ náà ń yí. Táìlì kúrò lára ògiri, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń tóbi sí i lọ́dọọdún, títí ó fi dà bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ fáìlì dé, ó ń gé táìlì bí ẹni ń gé ṣúgà, ó ń pariwo, eruku rẹ̀ bí ìyẹ̀fun ń wọ èèyàn lójú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, kó bo imú, kó bo ojú. Àdín ti lọ, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù. Mi ò bá àwọn ọ̀dọ́ jà. Ohun tó ń gbà wá lọ́jọ́ mẹ́rin, wọ́n ń ṣe é lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì, mo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn lọ wo iṣẹ́ tí Sùnmọ́nù, ọmọ Rábíù, ń ṣe. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ta iná pupa sára ògiri, ìlà tó fà gún bí okùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka tọ ìlà náà lára ògiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n wá bi í pé, “Bó bá jábọ́ ńkọ́?” Sùnmọ́nù ní òun á yí i wò, pé òun á ta á sára ògiri kan, òun á tún dojú rẹ̀ kọ ìhà kejì. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó dáa, pé ayé ò tíì bàjẹ́.

Wàyí o, sàréè.

Dọ̀káàsì gbé àpò irinṣẹ́ Bàbá jáde. Kò sí ìpẹtà kan lára nǹkan kan. Ṣíbí wọn ti jẹ títí ó fi kù bí ìdajì, igi ọwọ́ rẹ̀ ti dán, ojú ìka wọn sì ti jìn sí i lára. Sùnmọ́nù àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa po sìmẹ́ǹtì. Rábíù wá, pẹ̀lú ọ̀pá, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù ní etí ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbé mi lábíyá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń na irinṣẹ́ sí mi.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Sìmẹ́ǹtì ń já bọ́ lórí ṣíbí kó tó délẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, mo ń ṣe é ní díẹ̀díẹ̀. Mo lẹ ti àkọ́kọ́, mo fi òòlù onírọ́bà lù ú, mo lẹ ìkejì. Wọ́n na lẹ́fẹ́ẹ̀lì sí mi, mo gbà á. Ìka mi ò dì í mú. Ó yọ̀, ó fi orí gbá búlọ́ọ̀kù, ó sùn sílẹ̀.

Kí n tó mọ̀, mo ti ké e.

“Ó jábọ́ o!”

Àwọn ọ̀dọ́ wojú ara wọn. Wọ́n mọ òfin náà, àwọn bàbá wọn ti kọ́ wọn: Ọ̀gá nìkan ló ń dáhùn. Ọ̀gá sì wà ní mọ́ṣúárì. Mo dúró nínú ilẹ̀ wọn, mo ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọn, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé wọ́n ti lọ.

Ohùn Rábíù wá láti òkè, ohùn arúgbó.

“Mo gbọ́, Lásísì. Yí i wò.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Mo gbé e lé táìlì. Ojú dúró láàárín ìlà méjì. Mo yí i padà, orí sí ìdí. Mo dúró kí omi rẹ̀ balẹ̀. Ojú tún dúró síbi kan náà. Mo sọ fún Rábíù pé òótọ́ ló ń sọ. Rábíù fi fìlà bojú.

Mo lẹ èyí tó kù títí ó fi parí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àmọ́ ilẹ̀ kò gbọ̀n. Mo yí lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Sùnmọ́nù náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí i wò. Lẹ́yìn náà mo fọ irinṣẹ́ Bàbá, mo nù ún, Dọ̀káàsì bá mi wá àdín, mo pa á. Mo wá fọ ọwọ́ mi.

A sin Jóṣúà Àkànjí Ògúndìran ní ọjọ́ Ẹtì, nínú ọgbà ilé wọn ní Ẹdẹ.